Mo ti di onígbàgbọ́, ilé ti gbóná mọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Iléṣà ní Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìjọ̀kà ní Iléṣà ni ilé wa, àmọ́ Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé, mo wà ní ọdún kẹta ní OAU. Mo ti pé ọmọ ọdún 21. Bàbá mi ni Bàbá Àdínní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù. Mo lọ sí ilé-kéú, mo ṣe wòlímọ̀, gbogbo ilé ló jó lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ ohun tí mo fi sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ló máa ń ka Bíbélì rẹ̀ lálaalẹ́. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ẹnikẹ́ni ò fún mi lówó, ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ tàn mí. Mo rò ó títí, mo gbàdúrà sí i, mo sì gba Jésù. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi, ẹnì kan nínú fẹ́lóṣíìpù ya fọ́tò, ó gbé e sórí WhatsApp. Kí n tó délé fún ìsinmi, fọ́tò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Òṣogbo, àǹtí sì ti fi han bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbá mi létí níwájú gbogbo ilé, ó fa Bíbélì mi ya. Bàbá mi ò fọwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ńṣe ló máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi ń sunkún tọ̀sán-tòru. Wọ́n ti gba fóònù mi, fóònù àbúrò mi ni mo fi ń kọ èyí. Wọ́n ní àwọn ò ní san owó ilé ẹ̀kọ́ mi mọ́. Wọ́n mú ààfáà wá, ó fọ hàǹtú fún mi, wọ́n ní kí n máa mu ún títí orí mi á fi padà bọ̀ sípò. Ìpàdé ẹbí wà ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé kí wọ́n yáa so yìgì fún mi pẹ̀lú ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan kí n tó padà sí Ifẹ̀.

Mi ò fẹ́ pàdánù Jésù, mi ò sì fẹ́ pàdánù bàbá mi. Ṣé kí n sá kí Sátidé tó dé? Ṣé kí n mu hàǹtú náà? Kí ni kí n sọ níwájú ẹbí?

Ọ̀dọ́ Mọdákẹ́kẹ́:

Arábìnrin mi, má dúró de Sátidé o! Kó ẹrù rẹ lálẹ́ òní, kí o wọ ọkọ̀ Ifẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n bá ti pè nítorí ẹnì kan, wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán kó tó jókòó. Tí o bá dé, wá sí ìjọ wa. A máa gbé ọ sórí pẹpẹ kí o jẹ́rìí, kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí Olúwa ṣe. Ojú kì í ti ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé E.

Ìyá Aláṣọ Atakúnmọ́sà:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti wà níbi tí o wà yìí rí. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, ní Iléṣà níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti di onígbàgbọ́.

Kí n kọ́kọ́ dá ọmọdékùnrin tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lóhùn. Ọmọbìnrin tó bá fi òru sá nílé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti kúrò lẹ́nu àdúgbò nìyẹn. Wọ́n á ní ọkùnrin ló gbé e, wọ́n á ní oyún ni. Bàbá tí ì bá rọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á wá le koko, torí ó ti kan orúkọ ilé. Tí ewu bá dé, tí wọ́n bá ń lù ọ́, tí wọ́n bá fẹ́ tì ọ́ mọ́lé, kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, má wẹ̀yìn. Ẹ̀mí lọ ṣáájú. Tí kò bá tíì dé bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀sán ni kí o fi jáde, kí àgbà kan tí bàbá rẹ bọ̀wọ̀ fún sì mọ ibi tí o ń lọ.

Wo bàbá rẹ dáadáa. Bàbá Àdínní ni. Òun ni wọ́n ń pè bá àwọn ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Fọ́tò yẹn ló sì rí kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ, bóyá àwọn míì nínú mọ́ṣáláṣí tiẹ̀ ti rí i ṣáájú rẹ̀. Ìtìjú ń bá ọkùnrin yẹn jà ju ìbínú lọ. Nítorí náà, ohun yòówù tí o bá fẹ́ ṣe láti ìsinsìnyí, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá yóò tún dójú tì í lójú ọjà. Ẹni tó gbé fọ́tò yẹn sókè, bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́ lónìí. Má gbà kí ìjọ kankan gbé ọ sórí pẹpẹ pé ọmọ Bàbá Àdínní ti di ti Jésù. Ìjẹ́rìí rẹ ò ní bàjẹ́ bó bá dúró fún ọdún mẹ́wàá. Mo ti rí ọmọ tí ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ Àìkú, tó sì jẹ́ pé nígbà tí wọ́n lé e nílé, kò rí ẹni tó fún un ní ẹní kan sùn lé.

Nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, wọ́n lé mi. Ìyá ìjọ kan ló gbà mí sílé. Ṣùgbọ́n kó tó gbà mí, ó kọ́kọ́ mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, «Bàbá, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò jí i gbé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wá.» Ohun tí obìnrin yẹn ṣe ló jẹ́ kí bàbá mi rójú padà bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tó yá. Ìyá mi sì ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo àsìkò náà, bàbá mi mọ̀, kò sọ nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí o wá, obìnrin, tó ní ọkọ tàbí tó ti dàgbà. Má lọ sùn sílé pásítọ̀ tí kò níyàwó, bó ti wù kó gbóná tó nínú àdúrà.

Lọ́yà Lágere:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin sí i. Àbúrò mi, abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé olúkúlùkù ló ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun tó lè dá ọ lẹ́bi pé o fi Ìsìláàmù sílẹ̀. Abala 35 ló dáàbò bo òmìnira ara rẹ: ẹni ọdún 21, bàbá ò láṣẹ láti tì í mọ́ yàrá, áńbọ̀sìbọ́sí ẹ̀gbọ́n. Gbígbá létí àti lílù, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, pé ẹ̀gbọ́n ẹni ló ṣe é ò yí i padà.

Ti yìgì: tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ, sọ ọ́ sókè níwájú àwọn tó jókòó pé o kò gbà. Má dákẹ́, má sì kàn máa sunkún. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ ààfáà ló máa ń ka ìdákẹ́ ọmọbìnrin sí ìyọ̀ǹda.

Lónìí, kó ìwé rẹ jọ: ìwé ọjọ́ ìbí, èsì WAEC, lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB, nọ́ńbà NIN, káàdì báńkì. Ya fọ́tò gbogbo wọn, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ. Ìbínú lè mú kí ẹnì kan dáná sun wọ́n, kì í sì í rọrùn láti gba òmíràn. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Tí ojú ibi tí wọ́n gbá bá wú, ya á.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kí o sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ohun tí àwọn àgbà ẹbí ṣì lè parí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, tàbí tí ẹ̀gbọ́n yẹn bá tún gbé ọwọ́ sókè, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, máa ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ibi tí òfin ò ti lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ni owó ilé ẹ̀kọ́. Má fi ọkàn sí i pé kóòtù á fipá mú bàbá san owó yunifásítì fún ọmọ tó ti dàgbà.

Mùsùlùmí Ẹlẹ́yẹlé:

Àsàlámù àlékúmù o. Ó dùn mí pé ọmọ yìí fi ẹ̀sìn sílẹ̀, mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó gbá a létí yẹn, kò gbèjà Ìsìláàmù.

Súrà Bàkárà ẹsẹ 256 sọ pé kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìjìyà fún ẹni tó bá kúrò, ṣùgbọ́n kódà àwọn náà ò fi í lé ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ará àdúgbò lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ.

Sí ìwọ ọmọbìnrin: nínú Súrà Lùkmáánù, ẹsẹ 14 àti 15, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ọmọ ṣe dáadáa sí òbí rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ń tì í sí ohun tí kò gbà gbọ́: kó má tẹ̀ lé wọn nínú ìyẹn, àmọ́ kó bá wọn gbé pẹ̀lú ìwà rere láyé. Ó tún wà nínú hàdíìsì pé Asmáù, ọmọ Abúbákàr, bi Ànábì bóyá kí òun gba ìyá òun tí kò tíì gba ẹ̀sìn lálejò, Ànábì sì ní kó so okùn ẹbí pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá rẹ mọ àwọn ẹsẹ yìí jù mí lọ. Má ṣe ìwọ ló máa kà á sí i létí o, yóò rí i bí ìwọ̀sí. Àgbà Mùsùlùmí kan ni kó sọ ọ́. Tí Lèmọ́mù yín bá jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kan lọ rí i kí Sátidé tó dé.

Ohun tí lọ́yà sọ nípa ìdákẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ànábì ní kí wọ́n tọrọ ìyọ̀ǹda ọmọbìnrin, ìdákẹ́ rẹ̀ sì ni ìyọ̀ǹda. Nítorí náà, sọ̀rọ̀.

Ìyàwó Pásítọ̀:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san.

Lórí hàǹtú: má mu ún bí ọkàn rẹ ò bá gbà á, ṣùgbọ́n má dà á nù, má sì tì í lu ẹni tó gbé e wá. Àyọkà Kùránì ni wọ́n fọ sínú omi yẹn. Lójú ìyá rẹ, ẹni tó bá dà á sílẹ̀ ti tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún un, sọ pé, «Ẹ má bínú mà, ara mi dá, mi ò lè mu ún.» Tí wọ́n bá tún po àgbo mọ́ ọn tí o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìlera rẹ nìkan ti tó ìdí láti kọ̀.

Orúkọ nkọ́? O ò béèrè, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbà ọ́ níyànjú láti yí i padà. Má fi ọwọ́ kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí tí bàbá wọn sọ wọ́n títí dòní. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ kẹjọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí orúkọ tó wà lórí WAEC, JAMB, NIN àti báńkì má bá ara wọn mu mọ́, wàhálà ńlá nìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀dọ́ Mọdákẹ́kẹ́:

Mo gbọ́ yín mà, mo sì ti gba ti pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí ó bá ń kúnlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé hàǹtú, tó ń jẹ ẹran Iléyá, níbo ni yóò ti hàn pé ó ti yàtọ̀? Olúwa wa ní ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá tàbí ìyá ju Òun lọ kò yẹ ní tòun.

Ìyàwó Pásítọ̀:

Ọ̀rọ̀ Olúwa ni, kò sì sẹ́ni tó ní kó fẹ́ràn wọn ju Olúwa lọ. Ó ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbá a létí nítorí rẹ̀, kò sì sẹ́ ẹ. Kí ló tún kù tí o fẹ́ kó hàn? Olúwa kan náà ló pàṣẹ ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ti ẹran Iléyá, àwọn ìjọ kan ń jẹ ẹ́, àwọn kan kì í jẹ ẹ́. Èmi ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọpẹ́. Tí òun ò bá lè jẹ ẹ́, kó jẹ àmàlà àti ewédú, kó sì bá wọn fọ abọ́.

Alábòójútó:

A ti yọ àwọn èsì kan kúrò. Ẹni tó pe Mùsùlùmí ní ọmọ òkùnkùn àti ẹni tó pe ọmọ yìí ní kèfèrí, àwọn méjèèjì ló kúrò níbí. Ọmọ ẹni kan ló wà nínú wàhálà, ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ọn.

Ìyá Ìrẹ̀mọ:

Ẹ jẹ́ kí ìyá tó wà ní òdì kejì náà sọ tirẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ní Ifẹ̀, ọmọkùnrin mi kejì sì ti di onígbàgbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé a kàn ń bínú ni. A gbà gbọ́ pé a ó jíhìn lórí ọmọ wa níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi délẹ̀, ohun tí mo ń rò lóru ni pé tí mo bá kú, ṣé kò ní sí láàárín àwọn tí yóò kírun sí mi lára? Ta ni yóò máa ṣe àdúà fún mi? Ẹkún ìyá rẹ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Kò kórìíra rẹ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnu ará ìta ni mo ti gbọ́ ọ. Obìnrin kan ló bi mí ní Àsàlátù, mi ò sì mọ ohun tí mo máa fèsì. Lọ bá ìyá rẹ nígbà tó bá dá wà, kí o sọ fún un pé o bẹ̀bẹ̀, pé ó yẹ kó gbọ́ lẹ́nu rẹ ṣáájú gbogbo ayé. Má bẹ̀bẹ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ, bẹ̀bẹ̀ fún bó ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ béèrè ohun tó mú mi rọ̀? Ọmọ yẹn ò fi ọjọ́ kan sọ pé ẹ̀sìn mi kò dáa. Iléyá dé, ó wá, ó bá àwọn àbúrò rẹ̀ bó ẹran, ó gbé ẹran lọ fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ara mi ò yá, òun ló ń bá mi tò ní ọsibítù láti ìdájí, tí àkókò ìrun bá sì tó, á gbé omi àlùwàlá wá fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Mo ń wò ó. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kó padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a jọ ń jẹun, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́.

Ọmọ Iléṣà ní Ifẹ̀:

Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Ẹ ṣé mà. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kírun sí i lára ló ń pa ìyá mi lẹ́kún.

Wọ́n ti yọ fọ́tò náà. Ẹ̀rù owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń bà mí jù báyìí, nítorí tí mi ò bá lè padà sí Ifẹ̀, inú ilé yìí ni mo máa wà, kò sì sí ohun tí mo lè sọ tí wọ́n máa gbọ́.

Ará Fájúyì:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Òun lèmi náà fi ń kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ọ̀hún fún tààrà, tí ẹ bá sì béèrè owó ìtọ́jú ara, ₦20,000 ni lóṣù, inú àkáǹtì yín ló ń wọ̀. Kò ní èlé. Òfin tuntun tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ti yọ ọ̀rọ̀ onídùúró kúrò, wọn ò sì ní kí bàbá tàbí ìyá fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà mátíríìkì. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹ bá parí ìsìnrú ìlú ni sísan padà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Àkókò wà tí wọ́n ń ṣí i, tí wọ́n ń tì í, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìtọ́jú náà máa ń pẹ́ nígbà míì, ẹ má fi gbogbo ẹ̀mí lé e.

Ẹ̀bẹ̀ kan: fóònù àbúrò yín yẹn, ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sórí rẹ̀ rẹ́. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà á jìyà, wọ́n á sì ní ẹ ti ń fa òun náà lọ.

Tíṣà Àgbà, Ìsọ̀kun:

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti jókòó sí irú ìpàdé yìí púpọ̀, nígbà míì gẹ́gẹ́ bí ẹbí, nígbà míì wọ́n kàn bẹ̀ mí wá.

Iléṣà kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1930, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, èrò wọ́ láti ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ kó ohun tí wọ́n ń bọ jáde láti sun. Ẹ rò pé ilé ò gbóná nígbà náà? Bàbá bá ọmọ jà, ọkọ bá aya jà. Lónìí, agbo ilé tí kò ní Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe pọ̀ nínú ẹbí kan ṣọ̀wọ́n ní ìlú yìí. Bí wọ́n bá ń sin òkú, gbogbo wọn ló ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí yóò jókòó ní Sátidé kò gbàgbé.

Má wọ ìpàdé yẹn ní ìwọ nìkan. Ọmọ kì í ṣe ti ilé bàbá nìkan. Ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ìyá rẹ lónìí: ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin bó bá wà, tàbí ìyá àgbà tó lẹ́nu láàárín wọn. Bí onígbàgbọ́ kan bá wà nínú ẹbí bàbá rẹ fúnra rẹ̀, kó jókòó, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wíwà rẹ̀ níbẹ̀ ti tó. Má mú pásítọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ bá wọ ibẹ̀, ìjà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló dà, bàbá rẹ ò sì ní lè rọ̀ níwájú wọn rárá.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí o sọ̀rọ̀, kúnlẹ̀, kí o jẹ́ kí ó kúrú. Sọ pé: «Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dúpẹ́ pé ẹ tọ́ mi. Ọmọ yín ni mí. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìtìjú tí fọ́tò kó bá bàbá mi. Èmi ni mo yan ohun tí mo yàn, ẹnikẹ́ni ò tàn mí. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ mi. Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ, mi ò gbà báyìí.» Kí o dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé Ànábì kì í ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ṣé Jésù ni Ọlọ́run, ṣé inú iná ni àwọn òbí rẹ ń lọ. Má dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ yóò bi ọ́ ní kọ́lọ́fín lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó ń bi ọ́ níwájú èrò ń wá ohun tí yóò fi dá ọ lẹ́jọ́ ni. Tún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ: «Ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí.»

Tí ẹnì kan bá sọ pé o ò ní pín nínú ogún, má jà sí i. Ilé bàbá rẹ ṣì dúró, bàbá rẹ ṣì wà láyé. Ìjà ogún níwájú alààyè máa ń bí àwọn àgbà nínú ju ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ.

Ìyá Aláṣọ Atakúnmọ́sà:

Ẹ ṣé, sà. Ọmọ mi, bí àwọn ará ilé ìyá rẹ ò bá lè wá, kọ nọ́ńbà rẹ síbí ní ìkọ̀kọ̀ fún Alábòójútó, èmi yóò wá gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ìyá rẹ. Kò sí ìyá Àsàlátù tí kì í ra aṣọ.

Ọmọ Iléṣà ní Ifẹ̀:

Ẹ kú ìfẹ́ o. Ìpàdé ti wáyé, mo ní kí n jíṣẹ́.

Mo lọ bá ìyá mi ní kíṣíìnì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bẹ̀bẹ̀ fún bó ṣe gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kò gbé hàǹtú wá lálẹ́ ọjọ́ náà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìbòkun.

Ní Sátidé, wọ́n gbé yìgì dé lóòótọ́. Mo sọ pé mi ò gbà, ohùn mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá ní, «Ọmọ ní òun ò gbà, ẹ ti gbọ́. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí èké síbẹ̀?» Ọ̀rọ̀ yìgì parí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n bi mí ní gbogbo ìbéèrè tí Bàbá Tíṣà ní wọ́n máa bi mí, mo kàn ń tún un sọ pé ọmọ wọn ni mí.

Bàbá mi sọ gbólóhùn kan péré. Ó ní kí n máa lọ sí Ifẹ̀, kí n má sì wá sílé nínú ààwẹ̀, títí òun á fi ránṣẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́, kò ní san án. Wọ́n dá fóònù mi padà. Ó dùn mí gan-an, torí mo máa ń se oúnjẹ ìṣínu fún un.

Mo máa lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè kan ló kù: tí Iléyá bá dé tí kò bá ránṣẹ́, ṣé kí n wá fúnra mi?

Ìyá Ìrẹ̀mọ:

Ó ní títí òun á fi ránṣẹ́. Má fọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Pe ìyá rẹ ní àárọ̀ ọdún, kí o kí i kú ọdún. Tí ó bá ní kí o wá, òun ni yóò bá bàbá rẹ sọ ọ́.

Mùsùlùmí Ẹlẹ́yẹlé:

Nínú ààwẹ̀, fi nǹkan ìṣínu ránṣẹ́ sí i láti ọwọ́ ìyá rẹ, bó jẹ́ èso dábínù díẹ̀. Má kọ nǹkan kan sí i.

Ìyá Aláṣọ Atakúnmọ́sà:

Kí o tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ mọ họ́sítẹ́ẹ̀lì tí o wà àti nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ kan. Kó ìwé rẹ sínú àpò tí o máa gbé lọ́wọ́, má dì wọ́n sínú ẹrù tó máa wà lẹ́yìn ọkọ̀. Tí o bá ti dé Ifẹ̀, kọ síbí pé o ti dé.